Ògùṣọ̀ Tí Ọwọ́ Àǹtí Mi Kò Mọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2022, Àǹtí mi pè mí lórí fóònù. Wọn kò béèrè ìyàwó, wọn kò béèrè ọmọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, èyí tí o gbé wá yìí kì í ṣe tèmi o." Mo ní, "Kí ni, mà?" Wọ́n ní, "Ògùṣọ̀ mi. Ti ẹlòmíì lo gbé fún mi."

Ògùṣọ̀ tí Àǹtí fi gbé iná Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012 ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo gbé e lọ síbi àpèjẹ kan, èmi náà ni mo gbé e padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí mo ti kùnà, torí ọ̀pọ̀ ilé ni irú ohun ìrántí bẹ́ẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, àmọ́ Lewisham, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Wọn kì í ṣe eléré ìdárayá tí ìwé ìròyìn ń dárúkọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn. Nígbà tí dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru, wọ́n ra bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá kan ká ní àràárọ̀ Sátidé. Kò pẹ́, obìnrin mẹ́fà ti ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, àwọn obìnrin náà ti pé ogún: ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà, ọmọ Jàmáíkà, àti òyìnbó méjì tí ilé wọn wà létí pápá náà. Àwọn mìíràn kò lè sáré rárá nígbà tí wọ́n dé, ìrìn ni wọ́n ń rìn. Àǹtí á sáré lọ síwájú, á tún sáré padà wá bá àwọn tó kù sẹ́yìn, débi pé bí àwọn yòókù bá yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan, ti Àǹtí ti di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí ló kọ orúkọ Àǹtí ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní kí aráàlú dárúkọ ẹni tó yẹ kó gbé iná Ìdíje Òlíńpíìkì London 2012. 8,000 ènìyàn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti mú wọn, Àǹtí rò pé àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni lẹ́tà náà fi wà lábẹ́ Bíbélì kí wọ́n tó fi han ẹnikẹ́ni.

Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n tan iná ọ̀hún ní Olympia, ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí wọ́n ti máa ń fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ títí iná á fi ràn. Ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Lọ́jọ́ kejì, Ben Ainslie, akọni nínú ìdíje ọkọ̀ onígbòkun, gbé e gbéra láti Land's End, níbi tí ilẹ̀ ti pin tí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 70 ni wọ́n fi gbé e káàkiri kó tó wọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Stratford ní ọjọ́ 27 oṣù Keje. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù Keje, ló kan Lewisham.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn yìí wà. Nǹkan bí 300 mítà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wọn lọ, á máa já wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, kálukú pẹ̀lú ògùṣọ̀ tirẹ̀ tí iná kò tíì sí lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ á dúró, á máa wo ọ̀nà. Bí ẹni tó ń sáré bọ̀ bá dé, á fi ẹnu ògùṣọ̀ tirẹ̀ kan ti ẹni tó ń dúró, iná á mú, ti ẹni àkọ́kọ́ á sì kú. Iná nìkan ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ògùṣọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Helsinki lọ́dún 1952, ògùṣọ̀ 22 péré ni wọ́n ṣe fún gbogbo ìrìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbé ọ̀kan náà. Àmọ́ ní Berlin lọ́dún 1936, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iná láti Olympia, ó lé ní 3,000 ẹni tó sáré, kálukú ló sì ní ọ̀pá tirẹ̀. Carl Diem ló gbé ètò náà kalẹ̀, ìjọba Hitler sì fi polongo ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ìyẹn pẹ̀lú. Mo fẹ́ràn ohun ìrántí yìí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ibi tó ti ṣẹ̀ wá pamọ́ nítorí ìfẹ́.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé Abẹ́òkúta la wà. Àwọn obìnrin pápá wọ àdìrẹ kan náà, wọ́n tò sí etí títì. Ìyá kan tí n kò mọ̀ rí gbé ọmọ rẹ̀ lé mi léjìká kí ọmọ náà lè rí ìran. Bí Àǹtí ṣe yọ pẹ̀lú aṣọ funfun tó ní iṣẹ́ àwọ̀ wúrà lára, tí àwọn ọlọ́pàá tó wọ aṣọ eré àwọ̀ eérú ń sá lọ́tùn-ún lósì wọn, ariwo sọ. "Ọmọ Líṣàbí! Ọmọ Líṣàbí!" Àwọn ará Jàmáíkà tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Líṣàbí náà ń pariwo rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún Àǹtí pé ẹni tó bá wù ú lè rìn. Wọn kò rìn. Wọ́n sáré, wọ́n gbé ògùṣọ̀ náà ga, ẹnu wọn ń mì bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. Láti ibi tí wọ́n ti yọ dé ibi tí iná ti bọ́ sí orí ògùṣọ̀ ẹlòmíì, n kò rò pé ó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Aṣọ tí wọ́n wọ jẹ́ ọ̀fẹ́, ògùṣọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sílé, tí kò bá rí ẹni san án fún un, á san nǹkan bí 200 pọ́n-ùn. Àǹtí ti pinnu pé àwọn kò ní rà á. Òrùlé ilé bàbá wọn ní Abẹ́òkúta ń jò, ibẹ̀ lowó wọn ń lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin pápá gbọ́, wọn kò bá wọn jiyàn. Wọ́n dá owó láàárín ara wọn, pọ́n-ùn mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí obìnrin ogún, wọ́n kó o sínú àpòòwé, wọ́n tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn Àǹtí. Ọ̀rọ̀ owó yìí ṣì ń bọ̀ wá níwájú.

Ògùṣọ̀ ọ̀hún ga ní mìlímítà 800, ó wúwo tó gíráàmù 800. Edward Barber àti Jay Osgerby ló ya àwòrán rẹ̀, Coventry ni wọ́n ti ṣe é. Alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà. Ìhà mẹ́ta ló ní, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni London ti gba Òlíńpíìkì lálejò: 1908, 1948 àti 2012. Ihò wẹ́wẹ́ 8,000 ni wọ́n fi iná lésà lu sí i lára, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gbé iná. Àwọn ihò náà ló mú kó fúyẹ́, àwọn ni kò sì jẹ́ kí ooru sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ènìyàn fi ọwọ́ dì mú. Bí o bá gbé e sókè níwájú fèrèsé, wàá rí ìmọ́lẹ̀ láti ìhà kejì, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òde láti inú ajere.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ihá ẹyìn tí epo ṣì ń kán lára rẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń dì mọ́ orí igi tó bá di alẹ́, tí iná ìjọba bá lọ. Òun là ń pè ní ògùṣọ̀ nílé wa. Bó bá jó tán, a ó ju igi rẹ̀ sídìí ààrò. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé Àǹtí ń nu ògùṣọ̀ tiwọn lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, ògùṣọ̀ tí wọ́n ti yọ gáàsì inú rẹ̀, tí kò lè tàn mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé e sí. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí a jókòó wo àwọn eléré tiwa ní Paralympics, ìdíje Òlíńpíìkì ti àwọn aláàbọ̀ ara, lóṣù kan lẹ́yìn náà. Nàìjíríà kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan ní Òlíńpíìkì ọdún náà. Àwọn aláàbọ̀ ara wa ló gba 13, góòlù mẹ́fà nínú rẹ̀. Nígbà tí Yakubu Adesokan gbé irin tó fi gba góòlù, Àǹtí gbé ògùṣọ̀ sókè nínú pálọ̀, wọ́n ń jó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ fọwọ́ kàn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwé, wọ́n gbé e lọ sí ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin pápá nígbà tó wà lórí àìsàn tí kò dìde níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó di í mú títí ó fi sùn lọ.

Lọ́dún 2015, ọmọ-ọmọ Àǹtí ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, gbé e ní ìdákọ́ńkọ́, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn inú ilé, ó sì jù ú sílẹ̀. Ògùṣọ̀ yí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú ìlà igun mẹ́ta tó ní, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọmọ náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí kò lù ú, wọn kò sì fi ògùṣọ̀ pamọ́ fún un lẹ́yìn ìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí títí di Sátidé ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2022, tí ọdún mẹ́wàá pé géérégé. Ìjọ kan ládùúgbò ṣètò àpèjẹ ìrántí, wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta tó gbé iná lọ́jọ́ náà gbé ògùṣọ̀ wọn wá kí àwọn ọmọdé lè rí i. Orúnkún ń dun Àǹtí, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e lọ. Ìró àdìrẹ ni wọ́n fi wé e. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó kúrò lójú rẹ." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ó kúrò lójú mi. Àwọn ọmọdé tó wá lé ní ọgọ́rùn-ún. Ògùṣọ̀ méjì la kó sórí tábìlì, ti Àǹtí àti ti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré nígbà tó gbé iná. Àwọn ọmọ ń gbé wọn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gbé wọn padà síbi tó bá ṣáà ti ṣí sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ẹ̀kẹta, àwọn kò sì gbé tiwọn sórí tábìlì rárá. Orí itan ni wọ́n gbé e lé láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọmọ tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án á wá kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo rántí pé mo rò lọ́kàn ara mi pé ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó tábìlì, ẹnì kan na ògùṣọ̀ kan sí mi, mo fi ìró wé e, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. N kò wo ara rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí pè lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé, "Àǹtí, ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?" Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa, a dúpẹ́," wọ́n sì pa fóònù. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo ní ọjọ́ orí ti ń dé sí Àǹtí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó mọ nọ́ńbà fóònù gbogbo wa sórí ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́rú ni mo tó lọ. Ògùṣọ̀ náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e dúró sí, wọ́n ti nù ún, wọ́n tún fi aṣọ mímọ́ bò ó, bí ẹrù àlejò tó fẹ́ padà sílé. Wọ́n ní kí n di ojú mi. Wọ́n mú àtàǹpàkò mi, wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀ lára ìlà igun kìíní, wọ́n fà á lára èkejì àti ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Kí lo bá níbẹ̀?" Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n," bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí àtẹ̀gùn.

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ìjọra yìí gan-an ló fẹ́ sọ wá nù. Mo yí ògùṣọ̀ náà síwá sẹ́yìn, n kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi dá ẹni tó ń sáré mọ̀, ara aṣọ ló wà. Bí àwọn obìnrin ogún náà bá wá bi mí pé kí n fi èyí tí wọ́n dá owó rà hàn wọ́n, kí ni mo fẹ́ nà sí wọn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ni kò wúlò, ojú Àǹtí àti ẹ̀rín ló wà nínú wọn, ògùṣọ̀ kò ju ìlà wúrà kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan ṣoṣo tí olùkọ́ kan yà lọ́dún 2017 ló sún mọ́ ọn dáadáa. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo rí òjìji kékeré kan ní ìsàlẹ̀ igun rẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Mo pe bàbá tó gbé tiwọn lé itan. Wọ́n ní kò kúrò lára àwọn, pé lórí itan wọn náà ló sì wà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ohun tí mo pè ní àṣejù! Òun ló jẹ́ kí ọ̀ràn náà rọrùn, torí ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣètò àpèjẹ náà kò fún mi ní nọ́ńbà ọmọbìnrin yìí, ó ní òun á bá mi jíṣẹ́ fún un, ohun tó ṣe sì tọ́. Ọjọ́ kan kọjá, kò sí èsì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo iye tí irú ògùṣọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ògùṣọ̀ kan wà fún títà, pẹ̀lú aṣọ funfun àti lẹ́tà, àdúgbò wa ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò ibi tó tẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àbùkù díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn ti já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnì kan ti gbà láti rà á, Sátidé ni yóò wá gbé e.

Inú mi ru. Títa ògùṣọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2012, iná kò tíì rìn jìnnà láti Land's End tí ògùṣọ̀ ti jáde sórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì bínú gidigidi sí àwọn tó tà á. Èmi kì í bá ẹni tó ta tirẹ̀ jà. Ẹni tó sáré ló mọ ohun tó ń bá a fínra. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tirẹ̀, mo sì ti ka ọmọ náà sí olè lọ́kàn mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ gbígbóná sí i, mo kà á sí Àǹtí létí kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Má fi ránṣẹ́. Ọmọ ènìyàn ni. Wá bí wàá ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀." Mo pa á rẹ́. Mo kọ ìlà méjì péré: pé èmi ni mo gbé ògùṣọ̀ Àǹtí kan wá sí àpèjẹ náà, pé mo rò pé a ti ṣi ẹrù gbé, kí ó jọ̀wọ́ pè mí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tó fi pè. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi bú sẹ́kún. Láti Sátidé ni inú ti ń bí i. Ó rí ibi tó tẹ̀ nígbà tó délé, ó gbà pé àwọn ọmọdé níbi àpèjẹ ló ja tòun sílẹ̀, pé èmi tó dúró ti tábìlì rí i tí n kò sọ. Ojú tì í láti fi ẹjọ́ ìjọ sùn nítorí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra ògùṣọ̀ náà tẹ́lẹ̀ láti fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ti yọ nínú owó náà nítorí àbùkù tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ń pè é lólè ní Lewisham, òun ń pè mí ní òpùrọ́ ní ọ̀nà tí kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí mi. Kò sì sí ẹni tó ja nǹkan sílẹ̀ nínú wa.

Ọjọ́ Ẹtì ló wá sílé Àǹtí. Sierra Leone ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àǹtí ti ro láfún, wọ́n sì ti se ewédú, wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa sọ títí ọmọ náà á fi jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló tú ògùṣọ̀ jáde nínú báàgì eré. Àǹtí di ojú wọn. Wọ́n fa àtàǹpàkò lára igun kìíní, wọn kò sọ nǹkan kan. Lára igun kejì, ọwọ́ wọn dúró. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn gbé e sáyà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tó tẹ̀ náà bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin náà gbé tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí i wò, ó ní òun kò ní àmì kankan tí òun lè fi dá a mọ̀ àfi pé kò sí àbùkù lára rẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àǹtí kò bá a wí pé ó fẹ́ tà á. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Aṣọ ńkọ́?" Ó ní ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ aṣọ pọ̀ mọ́ ọn, torí aṣọ ló ní nọ́ńbà lára, òun ló sì máa fi mọ̀ pé ògùṣọ̀ náà wá láti ọwọ́ ẹni tó gbé e. Àǹtí ní, "Ìyẹn náà ni ìwọ fúnra rẹ máa fi mọ̀." Ọmọ náà kò fèsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ mí láago pé òun ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ti ya fọ́tò ògùṣọ̀ tó tọ̀nà fún un, ó ti fún un ní ẹ̀dà lẹ́tà, ó sì ti yọ aṣọ kúrò nínú ohun tó ń tà. Ẹni náà gbà, àmọ́ owó tún wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní kò dun òun.

Èmi gbà Àǹtí nímọ̀ràn pé kí a lọ fín orúkọ wọn sára tiwọn, kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀. Mo fi abọ́ ńlá tí iná Òlíńpíìkì náà jó nínú rẹ̀ ní pápá ìṣeré ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Thomas Heatherwick ló ya àwòrán abọ́ iná yẹn, ewé bàbà 204 ló parapọ̀ di í, ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Kò sí méjì tó rí bákan náà, wọ́n fín orúkọ orílẹ̀-èdè sára kálukú, wọ́n sì fi olúkúlùkù lé onílé lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdíje. Àǹtí gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Ta ló san owó èyí?" Mo ní àwọn obìnrin pápá ni. Wọ́n ní, "Orúkọ ta ni wàá wá fín?" Mo dákẹ́. Ẹnì kan tó ń tún irin ṣe sọ pé òun lè mú ibi tó tẹ̀ padà bọ̀ sípò láìgba kọ́bọ̀. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ìwé ni a wá kọ. Mo jókòó ti wọn ní ọ̀sán Sátidé méjì. A kọ ọjọ́ tí wọ́n sáré, àdúgbò, nọ́ńbà ara aṣọ, ẹni tó fún wọn ní iná àti ẹni tí wọ́n gbé e fún. Àǹtí kò tíì gbàgbé ojú àwọn méjèèjì. A kọ orúkọ obìnrin ogún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi àmì sí ti àwọn mẹ́ta tó ti kú. A ya fọ́tò ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. A gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó tẹ̀, a ya ìyẹn náà. Ẹ̀dà mẹ́ta la ṣe: ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ funfun náà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ti lọ sí Abẹ́òkúta, sábẹ́ òrùlé tí kò jò mọ́. Àǹtí tún ní kí a kọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Wọn kò dárúkọ ọmọ wọn kankan. Wọ́n ní àwọn obìnrin pápá ni, kí ó máa ti ilé dé ilé láàárín wọn, kí ẹni tó bá gbẹ̀yìn pinnu.

Ó ku ìlà kan. Àǹtí ní àwọn kò lè kọ bí ibi tó tẹ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn kò sí lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn, ó ti ga jù wọ́n lọ. Ó ka gbogbo ohun tí a ti kọ, ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, lọ́dún 2015. Mo ń sáré bíi ti màmá àgbà ni." Ó fọwọ́ sí i.